Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Àpótí Pamọ́ sí Erékùṣù Wa: Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Fi Síbẹ̀

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà National Park Service ní Àbújá, àti sí Kọmíṣánnà fún Ọ̀rọ̀ Àyíká ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Ọjà Tuntun, Ìlọrin

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn àwọn apẹran láìgbàṣẹ àti àwọn agégi lójoojúmọ́. Eré náà ni wọ́n ń pè ní geocaching. Ẹnìkan á gbé àpótí kékeré pamọ́ sínú igbó, sórí òkè tàbí sí erékùṣù, á kọ nọ́ńbà tí sátẹ́láìtì fi ń mọ ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn á sì máa fi fóònù wọn wá a títí wọn á fi rí i. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tó wà nínú àpótí, á dá a padà síbi tó ti mú un, á sì máa lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn: ẹ fi òfin tó yé tàgbà tèwe gba wíwá náà láyè ní àwọn ibi ìpamọ́ wa, ṣùgbọ́n kí òfin yẹn kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àpótí kankan pamọ́ sí àwọn erékùṣù inú adágún Kainji, tàbí sí èyí tó wà láàrin Odò Ọya ní Jẹ́bà. Ìbéèrè ni kí a fi pamọ́ síbẹ̀. Kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ojú á rí, tí ọwọ́ kò ní kàn.

Eré yìí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìpinnu ìjọba ló sì bí i. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà a máa mọ̀ọ́mọ̀ da ìtọ́ka sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní GPS rú fún ará ìlú, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ bá pè ní ibí lè fi nǹkan bí 100 mítà jìnnà sí ibi tí ènìyàn dúró sí. Nígbà tí Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n ṣíwọ́ ìdàrú yẹn, kò pé ọjọ́ mélòó kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer fi gbé garawa dúdú kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni. Ó kéde nọ́ńbà ibẹ̀, àwọn ènìyàn wá a, wọ́n sì rí i. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó wà káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n èrò náà dàgbà ju GPS lọ. Ní ọdún 1854, afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ James Perrott fi ìgò kan sí ẹ̀bá Cranmere Pool ní ilẹ̀ Dartmoor, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lè fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọkùnrin yẹn sọ́kàn: afinimọ̀nà ni, ìrìn àwọn àlejò lórí ilẹ̀ líle yẹn ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìgò náà kò níye lórí. Ẹ̀rí lásán ni pé ènìyàn dé ibi tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí òde òní ṣe rí. Ohun tó ń dùn mọ́ni nínú eré yìí ni ìrìn, àkíyèsí, àti ayọ̀ ẹni tó sọ pé mo ti débẹ̀. Bí a bá rí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà mú ẹ̀rí wá, àpótí kò pọn dandan mọ́. Orí kókó yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni èyí kan ará Ìlọrin. Ó kàn wá nítorí pé irinṣẹ́ eré náà ti wà lọ́wọ́ wa. Ní Ọjà Tuntun níhìn-ín, fóònù tó mọ ibi tó wà lè wà lápò ẹni tó ń ta ata, kó sì wà lápò ẹni tó ń bá a ru ẹrù. Ike olómòrí tó lè di àpótí eré náà wà lórí àtẹ, kì í sì í ṣe ọjà olówó ńlá. Fóònù àti ike: ohun tí eré yìí ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún kàn wá nítorí pé ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991, gbogbo Borgu, pẹ̀lú New Bussa àti dáàmù Kainji, wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Títí di òní, apá kan igbó ọba Kainji ṣì wà ní Kaiama àti Baruten, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ àbàtà Odò Ọya àti Odò Kaduna, tí àdéhùn Ramsar kà sí ilẹ̀ omi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, tó sì tó 229,054 hẹ́kítà, nawọ́ wọ ìpínlẹ̀ wa. Bí a bá dákẹ́, ìdákẹ́ wa kò ní dá eré náà dúró. Àwọn tó ń yẹ àpótí tuntun wò fún àwọn eléré yìí kí wọ́n tó gbé e jáde a máa béèrè bóyá onílẹ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n a sì máa tẹ̀ lé òfin tí onílẹ̀ bá gbé síta. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò kọ síta, ta ni á tẹ̀ lé e? Ọmọlúàbí tó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ kò ní mọ ohun tí a ń fẹ́, ẹni tí kò bìkítà á sì rí àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi omi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí òun ni onílé. Dáàmù Kainji, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969, sọ Odò Ọya di adágún tó gùn tó nǹkan bí 136 kìlómítà. Adágún yìí kì í dúró sójú kan. Omi méjì ló ń wọ inú rẹ̀ lọ́dún. Èyí àkọ́kọ́ ni omi òjò agbègbè wa, tó ń dé láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, tó gbé ẹrẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní omi funfun. Èkejì ni omi dúdú, omi mímọ́ gaara tó ti àwọn òkè ilẹ̀ Guinea wá, tí àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali máa ń dá dúró lọ́nà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í tètè dé ọ̀dọ̀ wa, àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí èyí ni adágún fi máa ń kún jù lọ ní nǹkan bí oṣù Kejì, nígbà tí kànga ìdílé púpọ̀ ní Ìlọrin ti ń gbẹ, tó sì máa ń fà jù lọ ní àárín ọdún. Ìyàtọ̀ láàrin kíkún àti fífà rẹ̀ tó nǹkan bí mítà mẹ́wàá, gíga ilé alájà mẹ́ta. Erékùṣù Foge, tó wà nínú adágún náà, tí Ramsar kà mọ́ ilẹ̀ omi pàtàkì ní ọdún 2008, tó sì jẹ́ 4,229 hẹ́kítà nínú ìwé, kì í ṣe ilẹ̀ kan náà ní oṣù Kejì àti ní oṣù Keje. Ibi tí ènìyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí omi fà lè di ibi tí apẹja ń ju àwọ̀n sí kí ọdún tó yí. Ẹni tó bá fi ike pamọ́ sábẹ́ òkúta níbẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó wulẹ̀ yá odò ni, odò á sì gbé e lọ. Nọ́ńbà á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, àwọn ènìyàn á máa wa ilẹ̀, wọ́n á máa yí òkúta, wọ́n á máa ya koríko, nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rá àti ike tí a ń dà sí gọ́tà Ìlọrin ti ń bá Odò Àsà lọ sínú Ọya, ó sì ti tó gẹ́ẹ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bí a bá sọ ike sódò, ẹja tí ọjà wa ń tà ló ń bá.

Ẹlẹ́rìí kejì ni àwọn tó ti ń fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ eré yìí rárá. Ẹyẹ kékeré kan wà ní etí Odò Ọya, tó ní dúdú, funfun àti eérú lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pluvianus aegyptius. Orí yanrìn odò ló ń yé sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í kọ́ ìtẹ́. Yanrìn ló fi ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí oòrùn bá sì mú jù, á lọ fi ìyẹ́ àyà rẹ̀ gba omi wá, á fi tu yanrìn náà lára kí ẹyin má baà jinná. Ẹni tó ń wá àpótí, tí fóònù rẹ̀ sọ fún un pé ó ku mítà márùn-ún, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe ni kí ó máa wa yanrìn. Kò ní mọ ohun tó fọ́. Kò sì ní jẹ́ ènìyàn burúkú: eré náà ló kọ́ ọ pé kí ó máa wa ilẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tóbi, ẹsẹ̀ ogún ènìyàn lè má hàn. Ní erékùṣù, ibi gúnlẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà kò pọ̀, gbogbo ẹsẹ̀ á máa tẹ ojú kan náà títí ọ̀nà tuntun á fi là, ọ̀nà tuntun a sì máa fọ̀nà han apẹran. Igbó ọba Kainji, tí ó di ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1979, tó sì tóbi tó 5,340 kìlómítà níbùú lóròó, wà lára ibi méjì péré tí àwọn olùwádìí ti rí kìnnìún ní orílẹ̀-èdè wa láti nǹkan bí ọdún 2009. Yankari ni èkejì. Ohun tó ṣẹ́kù díẹ̀ kì í gba ẹsẹ̀ púpọ̀.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ bá ìṣòro yìí pàdé. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tiyín, National Park Service ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí a ti bí eré náà, kò gba kí wọ́n fi àpótí pamọ́ sínú àwọn ọgbà rẹ̀ nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ohun ìní tí a fi sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú ni, wíwa ilẹ̀ àti yíyà kúrò lójú ọ̀nà sì lòdì sí òfin wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ọgbà kọ̀ọ̀kan wá lágbára láti fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ níbi tó bá yẹ. Bí ilẹ̀ tó ni eré náà bá kọ́kọ́ rò ó dáadáa kó tó gbà á, kò yẹ kí àwa gbà á lọ́wọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà. Ní oṣù Keje ọdún 2011, ní ìlú Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan rí àpótí eré yìí nítòsí ilé kọfí kan, ó rò pé bọ́ǹbù ni, àwọn ọmọ ogun tó ń tú bọ́ǹbù sì wá fọ́ ọ túútúú. Ìlú tí ara rọ̀ nìyẹn o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ wa kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ apániláyà kan tí wọ́n fi agbègbè igbó Kainji ṣe ibùba. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó bá rí ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi fóònù wá nǹkan nínú koríko, tó tún ń tẹ ìdí igi wò, ojú wo ni kí ó fi wò ó? Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì wá mọ́ ọn lára láti máa rí àpótí eré, kí ni á ṣe lọ́jọ́ tí ó bá rí èyí tí kì í ṣe ti eré? Ní Jẹ́bà, ọ̀ràn náà tún ní ojú mìíràn. Ère idẹ àtijọ́ tí ìtàn àwọn Nupe so mọ́ Tsoede, ẹni tó dá ìjọba wọn sílẹ̀, wà lára ohun tí a mọ Erékùṣù Jẹ́bà àti Tada mọ́, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Bí a bá jẹ́ kí wíwa ilẹ̀ di eré níbẹ̀, a ti fi aṣọ bo olè lórí nìyẹn.

Nísinsin yìí, ẹ lè sọ pé: bí ewu rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí a kò kúkú fòfin de gbogbo rẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé igbó tí ọmọ ìlú kò mọ̀, ọmọ ìlú kì í jà fún un. Ọmọ Ìlọrin púpọ̀ ló mọ orúkọ Kainji nítorí iná mànàmáná nìkan; bí iná bá lọ, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, bí iná bá dé, wọ́n á gbàgbé. Eré tó lè mú ọmọ ogún ọdún dìde kúrò nídìí fóònù, kí fóònù yẹn kan náà sì mú un dé etí odò, kí ó fara balẹ̀ wo àpáta, kí ó béèrè ìdí tí omi fi kún nígbà tí òjò kò rọ̀, a kò gbọdọ̀ lé irú eré bẹ́ẹ̀ dànù. Ọ̀nà tí a fi lè gbà á láìgba ewu rẹ̀ sì ti wà. Ní ọdún 2004, Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Nípa Ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà dá irú kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EarthCache. Kò sí àpótí nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ibì kan á wà, ẹ̀kọ́ kékeré nípa ilẹ̀ ibẹ̀ á wà, ìbéèrè á sì wà tí ẹni tó bá débẹ̀, tó fi ojú ara rẹ̀ wò, lè dáhùn. Ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn eléré náà kà á sí eré gidi, wọ́n sì ń rin ìrìn àjò nítorí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nítorí àpótí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ike ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo bí ó ṣe lè rí nílẹ̀ wa. Ní Jẹ́bà, kí ìbéèrè mú ènìyàn dúró sí etí Odò Ọya, kí ó wo afárá ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n parí ní ọdún 1916, kí ó sọ ohun tí àwọn tó kọ́ ọ rí lára erékùṣù náà tí wọ́n fi gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ìbéèrè kejì ní kí ó fi ojú wá àpáta Ketsa láàrin omi, kí ó sì sọ, láti etí odò níbi tó dúró sí, ohun tí omi ti ṣe sí ara àpáta náà. Kí ẹ̀kẹta mú un dé ìdí òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, kí ó ronú nípa ìdí tí òpó fi wà fún àlejò tó wá wo odò, tí kò sì sí fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó tu wọ́n. Ní Ìlọrin, kí ìbéèrè kan wà nídìí òkúta tí ìtàn sọ pé wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, tí ìlú fi gba orúkọ. Ní Ẹsìẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945, tí ère òkúta ibẹ̀ sì ju 1,000 lọ, kí ìbéèrè ní kí ọmọ ilé-ìwé wo irun orí àwọn ère náà, kí ó sì sọ iye ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í. Gbogbo ìwọ̀nyí wà láìsí pé a wa ilẹ̀ tàbí gbé ike. Ẹni tó dáhùn ti débẹ̀. Ẹni tí kò débẹ̀ kò lè dáhùn.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni. Bojúbojú ńkọ́, tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ṣe é rí? Ààlè ńkọ́? Ẹni tó bá so àkísà àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ìdí igi rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń kọjá á kà á, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Àwọn baba wa ti mọ̀, tipẹ́tipẹ́, pé a lè fi ìtumọ̀ sí ibì kan kí ibẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò jìnnà sí i: ibi tí a lè kà, tí a kì í fọwọ́ kàn. Àwọn mìíràn á ní bí kò bá sí àpótí, kò ní dùn. Mo ti dá wọn lóhùn pẹ̀lú EarthCache, mo sì tún fi kún un pé bí àwọn tó fẹ́ràn àpótí bá taku, ẹ fún wọn láyè nínú ìlú, ní ọgbà ìtura àti ní ọgbà yunifásítì tó bá gbà, níbi tí olùtọ́jú wà, tí orúkọ ẹni tó ni àpótí sì wà lára rẹ̀. Erékùṣù nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ẹ̀mí ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí Odò Ọya ní agbègbè Pategi, ó sì pa ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní fi omi yìí ṣeré, èmi náà kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ rán ọmọ ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ìbéèrè Jẹ́bà tí mo dárúkọ fi jẹ́ èyí tí a lè dáhùn láti etí odò, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń rìn dé. Àpótí ló ń fi dandan mú ènìyàn gúnlẹ̀ sí erékùṣù. Ìbéèrè lè jẹ́ kí ó dúró lókèèrè kí ó wò ó. Níti Kainji, kí ìbéèrè kankan má ṣe jáde títí àwọn tó mọ̀ nípa ààbò á fi sọ pé ó tó àkókò. Yálà ewu omi ni tàbí ti ààbò, eré aláìlápótí ṣeé ṣàkóso ju èyí tó ní àpótí lọ: bí ewu bá dé, a lè yọ ìbéèrè kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ padà lọ sínú igbó kó tó lè kó àpótí kúrò. Àwọn tó kù á ní owó ìjọba kò tó, ẹ̀ṣọ́ igbó ń fẹ́ bàtà àti ọkọ̀, kí a má ṣe ná an sórí eré. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa bàtà àti ọkọ̀, èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ojú kan àti ogún ìbéèrè kò gba owó bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni nípa ẹranko igbó ní New Bussa, àti àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi tútù tó wà nílùú kan náà, mọ omi yẹn bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè náà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e síta, pé kò sí àpótí eré kankan ní erékùṣù tó wà lábẹ́ yín, láé. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń sọ, Yorùbá, Nupe, Haúsá, Bàrùbá àti èdè àwọn ará Bussa, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ àpótí wò fún eré náà, kí wọ́n lè rí ohun tẹ̀ lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìlọrin àti ní Ẹsìẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè díẹ̀ tí ẹ ti yẹ̀ wò dáadáa. Kí ẹ ti ìbéèrè etí odò pa ní àsìkò tí ẹyẹ ń yé. Kí ẹ sì ṣètò kí ọmọ Jẹ́bà, ọmọ Nupe tó mọ odò, jẹ́ ẹni tó ń fi àlejò mọ̀nà, kí owó rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Perrott ṣe ń jẹun nídìí ìrìn àwọn ẹlòmíràn ní Dartmoor, kí apẹja tí ẹja kò bá bọ́ sí àwọ̀n rẹ̀ ní oṣù kan lè jẹun nídìí ìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí odò ń bọ́ ní ọ̀nà méjì á ṣọ́ ọ lójú méjì.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí ó bá jẹ́ pé ohun tó pamọ́ ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa wá, Kainji kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kún un. Nígbà tí dáàmù fẹ́ dé, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ló kúrò nílé wọn. Wọ́n kó wọn lọ sí abúlé tuntun, omi sì bo Bussa àtijọ́, ìlú ọba, tó wà nítòsí ibi tí odò ti gba ẹ̀mí Mungo Park ní ọdún 1806. Agboolé, ojúbọ, ibojì àwọn òbí, ojú ọ̀nà ọjà: gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti tan iná ní Ìlọrin. Ọmọ tó bá dúró létí adágún lọ́jọ́ kan, tí ibẹ̀ bá ti tòrò, tó ka ìbéèrè pé, "Kí ló wà lábẹ́ omi tí ò ń wò yìí, ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n wà báyìí?" tó sì wá ẹni tó lè dá a lóhùn láàrin àwọn àgbà New Bussa, ti rí ohun tí ike kankan kò lè gbà. Ẹ fi ìbéèrè yẹn síbẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun mìíràn wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn ará Ọjà Tuntun, Ìlọrin